Àwo jazz-funk tí sákísófóònù ṣáájú: báwo la ṣe lè gba irú rẹ̀ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta?

Afunfèrè_Ìbàrà
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Àwa 7 la fẹ́ gba àwo orin jazz-funk (jazz tó ní ìlù ijó) kan sílẹ̀. Sákísófóònù (fèrè tí a ń sọ nìyẹn) ni yóò ṣáájú: irú rẹ̀ tó ń jẹ́ tenor nínú orin 3, alto tó kéré jù ú lọ nínú ẹyọ kan. Àwọn tó kù ni gìtá béèsì, gìtá líìdì, kíbọ́ọ̀dù, jáàsì (àkójọ ìlù òyìnbó), gángan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Àwo tí a fi ń ṣe àpẹẹrẹ ni *Mister Magic* tí Grover Washington Jr., afunsákísófóònù, gbé jáde ní 1975. Orin 4 péré ló wà nínú rẹ̀, àwa náà fẹ́ ṣe 4, àmọ́ orin tiwa ni. Gbọ̀ngán tí a rí wà ní Kútọ̀: ògiri bùlọ́ọ̀kù tí wọ́n rẹ́, páànù lórí, mítà 9 ní gígùn, mítà 7 ní fífẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ la ó fi ṣiṣẹ́.

Ìṣòro tó wà nílẹ̀ ni pé bí a bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, fèrè á bo gbogbo orin mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ ò sì ní fẹ́ jó. Báwo la ṣe ń to irú orin yìí? Kíì (ohùn tí orin fi ṣe ilé) wo ló dáa? Ibo ni maíkì ń jókòó? Ẹni tó bá mọ èyíkéyìí nínú rẹ̀, kó jọ̀ọ́ là á yé wa.

Etí_Àwo
Ẹ ṣé tẹ́ ẹ dárúkọ àwo yẹn. Ẹ wo àwọn tó dúró lẹ́yìn Grover níbẹ̀. Harvey Mason ló lu jáàsì, òun náà ló lu àwo *Head Hunters* fún Herbie Hancock ní 1973. Eric Gale wà nídìí gìtá, Ralph MacDonald wà nídìí àwọn ìlù ọwọ́, Bob James to orin ó sì tẹ dùùrù. Sítúdíò Rudy Van Gelder ní Englewood Cliffs, ní New Jersey, ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀. Creed Taylor ló darí iṣẹ́ náà, ó sì gbé e jáde lábẹ́ Kudu, ẹ̀ka CTI, ilé-iṣẹ́ àwo tirẹ̀.

Ibi tí mo ń lọ nìyí: orin tó ni orúkọ àwo náà, MacDonald àti William Salter ló kọ ọ́. Ẹni tó ń lu ìlù ọwọ́ wà nínú àwọn tó kọ orin tí ayé fi mọ afunfèrè! Torí náà, ìlù àti béèsì ni ilé, fèrè ni àlejò pàtàkì tó wọlé tó sì jókòó. Orin yẹn gùn tó bí ìṣẹ́jú 9. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kíní, ẹ má fetí sí fèrè rárá. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ ka ibi tí fèrè ti dákẹ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ wo ohun tí gìtá ń ṣe nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn.

Béèsì_Lafẹ́nwá
Ọ̀rọ̀ Etí_Àwo dùn mọ́ mi nínú gan-an. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń kọ́ ilé ọ̀hún.

Ẹ fi ìlù sí 96 ní ìṣẹ́jú kan. Báà kan jẹ́ ìlù 4, báà 16 la ó pè ní ìyípo kan: ìlù 64, ìyẹn ìṣẹ́jú-àáyá 40 gẹ́lẹ́. Orin ìṣẹ́jú 6 á jẹ́ ìyípo 9. Ìyípo 1 fún béèsì, jáàsì àti gìtá nìkan, kí fèrè má fẹnu kàn án. Ìyípo 2 fún ohùn orin. Ìyípo 3 kí fèrè máa dá àrà. Ìyípo 1 fún kíbọ́ọ̀dù. Ìyípo 1 kí gbogbo wọn sá sílẹ̀ fún jáàsì, gángan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Èyí tó kù, ẹ fi padà sí ohùn orin. Ẹ kọ ọ́ sórí pátákó níwájú gbogbo yín.

Béèsì gbọ́dọ̀ bọ́ sórí ìlù kìíní pẹ̀lú kíkì (ìlù ńlá tí ẹsẹ̀ ń lù lára jáàsì), kí ẹ gbọ́ méjèèjì bí ẹyọ kan. Lẹ́yìn èyí, ó ní láti dákẹ́ níbìkan nínú báà kọ̀ọ̀kan. Béèsì tí kì í dákẹ́ ló máa ń mú kí orin wúwo láìjó. Jáàsì: ṣínẹ́ẹ̀ (ìlù kékeré tó ń dún gbáá) sórí ìlù 2 àti 4, háí-hátì (páńda méjì tó ń pàdé) ní ìdá 16 pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́ ni wíwọ ìlù sáàárín nígbà gbogbo tí báà 4 bá pé. Ẹ fi sí òpin ìyípo nìkan.

Olùdùùrù_Aké
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kíì ló kàn mí.

Ẹ má ṣe gba kíì E lọ́wọ́ onígìtá. Ó rọrùn fún un, àmọ́ orúkọ tí afunfèrè ń ka ohùn kì í ṣe èyí tí kíbọ́ọ̀dù ń kà á: tenor á máa ka F♯ tó ní sháàpù (♯, àmì tó ń gbé ohùn sókè díẹ̀) 6, alto á sì máa ka C♯ tó ní 7. Ìka á máa kọsẹ̀, ẹ ó sì rò pé afunfèrè ni ò mọ̀ ọ́n fun. Ẹ gbé doh sí B♭. Tenor á máa ka C láìsí sháàpù kankan, alto á máa ka G tó ní ẹyọ kan. Bí orin bá ní láti dún bí ẹni tó ń ronú, ẹ jẹ́ kí ilé rẹ̀ jẹ́ l (lah) dípò d (doh), ìyẹn G minor. Tenor á rí A minor níwájú rẹ̀, alto á rí E minor.

Kọ́ọ̀dù (ohùn tí a tẹ̀ pọ̀) 2 tó orin kan: Gm7 fún báà 2, C9 fún báà 2. Ọ̀nà tí kíbọ́ọ̀dù máa gbà tẹ̀ ẹ́ ló ṣe pàtàkì. Béèsì ti di G àti C mú, kíbọ́ọ̀dù ò gbọ́dọ̀ tún tẹ̀ wọ́n nísàlẹ̀. Ohùn 2 péré ni kó dì mú nítòsí C àárín: B♭ àti F fún Gm7. Tó bá dé C9, B♭ ò kúrò níbi tó wà, F nìkan ló bọ́ sílẹ̀ díẹ̀ sí E. Lójú sol-fa, d pẹ̀lú s ló di d pẹ̀lú fe. Ìka kan ṣoṣo ló mira, gbogbo orin sì yí àwọ̀ padà. Ẹ dán an wò láìlu ìlù, ẹ ó gbọ́ ọ.

Ohun mìíràn: kí onídùùrù má ṣe tẹ bọ́tìnnì transpose (èyí tó ń yí kíì padà). Bó bá gbé e sókè ní 1, òun nìkan ló lọ síbẹ̀. Ọjọ́ tó bá gbàgbé láti dá a padà, ẹ ó fi wákàtí kan wá ẹni tó ń ṣìnà.

Ọmọ_Adìgbẹ
Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ ò kúkú ṣe Afrobeat? Abẹ́òkúta níbí ni wọ́n bí Fela sí ní 1938, ẹni tó bá gbọ́ fèrè láti ìlú yìí, ohun tó ń retí nìyẹn.

Etí_Àwo
Àbúrò mi, ìbéèrè tó dáa ni. Fela kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú tenor. Igo Chico ló ń fun un fún ẹgbẹ́ rẹ̀; ìgbà tí ìyẹn kúrò ní 1973 ni Fela fúnra rẹ̀ gbé e dání. Àmọ́ nínú orin Fela, fèrè wà pẹ̀lú ẹgbẹ́ afunfèrè, orin ẹnu àti agbérin. Ọ̀rọ̀ ló ń ṣáájú níkẹyìn. Nínú àwo tí a ń sọ yìí, fèrè ni akọrin. Iṣẹ́ ẹnu, fèrè ló máa ṣe é, nítorí náà ohùn orin gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ọmọdé lè fi ẹnu kọ lẹ́yìn ìgbà tó bá ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì.

Onígángan_Ìtòkú
Ẹ̀gbọ́n Etí_Àwo, ẹ ti gbé ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu mi.

Ọ̀nà tí mo gba Afunfèrè_Ìbàrà níyànjú láti gbà kọ ohùn orin ni pé kó kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí i. Kó mú gbólóhùn kan tó ní bíi sílébù 8, kó jẹ́ kí ohùn orin gòkè níbi tí àmì òkè wà, kó sọ̀ níbi tí àmì ìsàlẹ̀ wà. Lẹ́yìn náà kó fi fèrè fun un láìsọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹnikẹ́ni. Etí ọmọ Ẹ̀gbá á gbọ́ pé nǹkan kan ń sọ̀rọ̀. Gángan á wá dá a lóhùn pẹ̀lú gbólóhùn kejì.

Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé gángan àti tenor ń sọ̀rọ̀ ní agbègbè ohùn kan náà. Bí àwọn méjèèjì bá sọ̀rọ̀ pọ̀, kò sí ẹni tó máa yé ẹnikẹ́ni. Fèrè gba báà 2, gángan gba báà 2. Nígbà tí fèrè bá ń dá àrà, kí gángan dì mọ́ ìlù kan ṣoṣo láìsọ̀rọ̀.

Bí doh bá wà ní B♭, ẹ jẹ́ kí ohùn àárín gángan jẹ́ l, ìsàlẹ̀ jẹ́ m, òkè jẹ́ d. Gbogbo rẹ̀ á bá kọ́ọ̀dù Gm7 mu. Kí onílù wá a pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù kó tó di pé a tẹ bọ́tìnnì ìgbohùnsílẹ̀, kó fi ìgbọ̀nwọ́ rántí bó ṣe ń fún ọsán tó. Bí òjò bá rọ̀, awọ á rọ̀, ohùn á sì sọ̀. Ẹ gbé ìlù sóòrùn fún ìgbà díẹ̀, ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná.

Ẹlẹ́rọ_Pànṣẹ́kẹ́
Ó kan ọ̀rọ̀ gbọ̀ngán àti maíkì. Ẹ farabalẹ̀, ó gùn díẹ̀.

Ẹ dúró sáàárín gbọ̀ngán, ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá gbọ́ ìró wẹ́wẹ́ tó ń sáré láàárín ògiri méjì, fèrè yín á dún bí ẹni tó wà nínú agbada. Aṣọ àdìrẹ tí wọ́n máa ń fà kọ́ sára ògiri, ojú ló ń wù. Ó fúyẹ́ jù, ìró wínníwínní nìkan ló ń gbà. Ibùsùn fóòmù, kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn àti kúbùsù ni kẹ́ ẹ wá. Ẹ gbé wọn jìnnà sí ògiri ní sẹ̀ǹtímítà 10, ẹ má lẹ̀ wọ́n mọ́ ọn. Àlàfo yẹn wà lára iṣẹ́ náà. Ẹ pààlà sí ẹ̀yìn afunfèrè àti ẹ̀gbẹ́ jáàsì ná, àwọn ni wọ́n ń pariwo jù. Páànù ò ní ojútùú nígbà òjò. Bó bá ti ń ṣú, ẹ dúró.

Maíkì fèrè: ẹ má tì í bọ ẹnu ńlá tó là sílẹ̀ yẹn. Ohùn tó wálẹ̀ jù bíi B♭ nìkan ló ń gba ibẹ̀ jáde tán. Bí ẹ bá fun C♯ tí gbogbo ihò ṣí, òkè fèrè ló ti ń jáde. Maíkì tó wà nínú ẹnu ńlá á mú kí ohùn ìsàlẹ̀ bú jáde, kí tòkè sì fara pamọ́. Ẹ gbé e sí iwájú, sẹ̀ǹtímítà 40 sí fèrè, kó kọjú sí ibi tí ọwọ́ òsì wà, kó ga díẹ̀ ju ẹnu ńlá lọ. Bí maíkì bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 40, maíkì mìíràn tó bá sún mọ́ ọn jù gbọ́dọ̀ jìnnà sí i tó 120, ó kéré tán, kí ohùn kan náà má baà wọ méjèèjì kó máa jẹ ara rẹ̀.

Ìwọ̀n tí ẹ máa yàn lórí ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀: 48 kHz, 24-bit. Ibi tó pariwo jù kó má kọjá -10 dB (dB ni ìwọ̀n ariwo). Tenor lè fò lójijì, ẹ fi àyè sílẹ̀ fún un. Maíkì 12 fún orin ìṣẹ́jú 6 á gba bí 620 MB, nítorí náà ìgbà 10 tí ẹ bá gba orin kan máa ń gba 6 GB. Ẹ wá àyè ṣáájú.

Ohun tó ń kó àwọn ènìyàn sí wàhálà jù ni iná. Ìró jẹnẹrétọ̀ tó ń wọ inú wáyà jẹ́ 50 Hz (ó ń gbọ̀n lẹ́ẹ̀ 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan). G ìsàlẹ̀ lára gìtá béèsì jẹ́ 49 Hz. Kíì tí Olùdùùrù_Aké dámọ̀ràn ni G minor, G ọ̀hún sì ni béèsì máa dì mú jù. Ìró méjèèjì á máa gbọ̀n mọ́ ara wọn bí ẹni tó ń mì, lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ ò ní rí i nígbà ìdánrawò. Ìgbà tí ẹ bá gbọ́ ọ nínú hẹ́dífóònù lẹ ó mọ̀.

Ojútùú tó dáa jù: ẹ fi bátìrì àti ínfátà ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá ń gbohùn sílẹ̀, kí jẹnẹrétọ̀ máa fi agbára kún un lákòókò ìsinmi. Ínfátà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ pure sine wave (èyí tí iná rẹ̀ ń lọ geere). Èyí tó pọ́ọ́kú á máa kùn ju jẹnẹrétọ̀ lọ. Gbogbo ẹ̀rọ kó jáde láti orí ẹ̀kìsìténṣọ̀n kan ṣoṣo kí áàsì (wáyà ilẹ̀) wọn lè jẹ́ ọ̀kan. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé ẹsẹ̀ kẹta pílọ́ọ̀gì torí pé ó ń kùn. Iná lè gbé akọrin pẹ̀lú gìtá lọ́wọ́.

Afunfèrè_Ìbàrà
Bọ̀dá Ẹlẹ́rọ, ẹ ṣé gan-an ni! Kò sí ẹni tó sọ ti 50 Hz yẹn fún wa rí. Ìbéèrè 2 ló kù. Nígbà tí gbọ̀ngán bá ti gbóná, ohùn fèrè máa ń lọ sókè ju kíbọ́ọ̀dù. Ìkejì, bọ́tìnnì G♯ lára fèrè máa ń lẹ̀ mọ́ ibi tó wà.

Atúnfèrèṣe_Òkè-Ìlèwó
Ìkíní: afẹ́fẹ́ gbígbóná ń mú kí ohùn fèrè ga, kíbọ́ọ̀dù ò sì mọ oòrùn. Ẹ fun fèrè fún ìṣẹ́jú 10 kẹ́ ẹ tó wá ohùn, nítorí èémí yín fúnra rẹ̀ ń gbé e gbóná. Lẹ́yìn náà, ẹ fa ẹnu fèrè jáde lórí ọrùn ní mílímítà 2 tàbí 3. Ẹ má fà á púpọ̀ kọjá ìyẹn. Ohùn tó ń lo ihò òkè, bíi A, B àti C♯, á sọ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ, fèrè á wá máa bá ara rẹ̀ jà. Bó bá ṣì ga, ẹ tú ètè sílẹ̀ díẹ̀. Ríìdì (abala pẹlẹbẹ tó ń gbọ̀n lẹ́nu fèrè) tó le jù náà lè fà á, torí ó ń jẹ́ kẹ́ ẹ gé e mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ. Ríìdì tí líle rẹ̀ jẹ́ 2½ tó fún púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Ẹ ní ríìdì 4, ẹ kọ 1 sí 4 sára wọn, ẹ máa pààrọ̀ wọn lójoojúmọ́, kẹ́ ẹ sì fi wọ́n lélẹ̀ gbọọrọ lórí gíláàsì. Lákòókò ọyẹ́, ríìdì tí ẹ fi sílẹ̀ lára ẹnu fèrè á ká bí ewé gbígbẹ.

Ìkejì: itọ́ tí ṣúgà wà nínú rẹ̀ ló ń mú G♯ lẹ̀. Ẹni tó mu mínírà tó sì gbé fèrè sẹ́nu, ó ti da gọ́ọ̀mù sára páàdì (ohun tó ń dí ihò fèrè). Ẹ fi omi fọ ẹnu ṣáájú. Láti tú u: ẹ ti ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sábẹ́ páàdì, ẹ pa bọ́tìnnì náà dé jẹ́jẹ́, kẹ́ ẹ tú u, kẹ́ ẹ tó fa ìwé jáde. Ẹ má fà á jáde nígbà tí páàdì ṣì ń tẹ̀ ẹ́, awọ ojú páàdì á ya. Ẹ má sì da pọ́dà sí i, ó máa di ẹrẹ̀.

Kí ẹ tó lọ gba àwo, ẹ dán gbogbo páàdì wò. Ẹ wọ yàrá tó ṣókùnkùn lálẹ́, ẹ fi iná kékeré oníwáyà sínú ara fèrè, ẹ rọra pa páàdì kọ̀ọ̀kan dé láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ bí okùn ní etí páàdì, afẹ́fẹ́ ń jò níbẹ̀. Jíjò kékeré kan lókè ló ń mú kí ohùn ìsàlẹ̀ kọ̀ láti jáde, afunfèrè á wá máa fẹ́ ẹ tagbáratagbára, á sì máa pariwo. Mo gbàgbọ́ pé ara ohun tó ń bo orin yín mọ́lẹ̀ nìyẹn.

Onílù_Jáàsì_Ìbàrà
Ṣé kí kílíìkì (ìró ẹ̀rọ tó ń ka ìlù) wọ hẹ́dífóònù tàbí kó má wọ̀ ọ́? Èmi gbà pé kó wọ̀ ọ́ ní 96. Bí ìyípo kẹta bá dáa nígbà àkọ́kọ́, tí kẹfà sì dáa nígbà kejì, a lè gé wọn ká so wọ́n pọ̀. Láìsí kílíìkì, kò ṣeé gé.

Onígángan_Ìtòkú
Àbúrò, mi ò fara mọ́ ọn pátápátá. Kílíìkì ò mọ ibi tí fèrè fẹ́ mí sí. Ẹ fún ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ní kílíìkì náà nìkan, kí gbogbo àwọn tó kù máa tẹ̀ lé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ìlù á dúró, orin á sì ní ẹ̀mí.

Béèsì_Lafẹ́nwá
Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn bọ́gbọ́n mu, bí oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ bá dúró ṣinṣin. Bó bá ń sáré, gbogbo ẹgbẹ́ ló máa bá a sáré. Kí onílù jáàsì náà gbọ́ ọ, kó kan rọra gbé ṣínẹ́ẹ̀ sẹ́yìn kílíìkì bí irun orí. Ibẹ̀ gan-an ni orin ti ń jókòó.

Afunfèrè_Ìbàrà
A ó dán méjèèjì wò lórí orin kan náà, a ó sì yan èyí tó bá jó. Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà tí a bá wá ń po gbogbo ohùn pọ̀, báwo ni fèrè ṣe máa gòkè láìbò wọ́n?

Ẹlẹ́rọ_Pànṣẹ́kẹ́
Ohùn tó rẹlẹ̀ jù lára tenor jẹ́ bí 104 Hz, ti alto bí 139 Hz. Nítorí náà ẹ gé ohun tó wà nísàlẹ̀ 90 kúrò lára maíkì tenor, àti 120 kúrò lára ti alto. Kíkì tó ń jò wọbẹ̀ ni ẹ ń yọ, fèrè ò pàdánù nǹkan kan. Ẹ sọ gìtá sílẹ̀ ní bíi 2 dB láàárín 1 kHz sí 2 kHz nígbà tí fèrè bá ń sọ̀rọ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fẹ́ jókòó lórí àga kan náà. Ẹ má da reverb (ìró tó ń padà wá bíi ti gbọ̀ngán) púpọ̀ sí i, gbọ̀ngán yín ti fún un ní tirẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa rí ìwọ̀n rẹ̀: ẹ to béèsì àti jáàsì títí ẹsẹ̀ yín á fi máa jó fúnra rẹ̀, kí fèrè wà ní títì pa. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí fèrè, ẹ máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ò fi ní gbọ́ gbólóhùn tó wà nínú ohùn orin mọ́. Ẹ wá dá a padà sókè ní 1 dB, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ síbẹ̀.